Parametric àbí non-parametric: bí a ṣe ń yan àyẹ̀wò tó bá dátà wa mu

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá ti ń sún mọ́ ìparí iṣẹ́ ìwádìí wọn, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé t-test ni kí n lò, àbí Mann-Whitney?" Àyẹ̀wò méjì tí a fi ń mọ̀ bóyá àwùjọ méjì yàtọ̀ síra ni wọ́n: parametric ni t-test, non-parametric ni Mann-Whitney. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á ti gba foòmù ìbéèrè wọn padà, wọ́n á ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò dátà, ó wá ku bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀. Èmi náà á bi wọ́n padà: Kí lẹ wọ̀n? Báwo lẹ ṣe kó àwọn èèyàn yín jọ? Kí gan-an lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan àyẹ̀wò rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn, kò sí bọ́tìnì tó lè gbà á.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ wọn ni pé tí dátà bá "dára", kí wọ́n lo parametric, tí kò bá "dára", kí wọ́n lo non-parametric. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, torí ó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ọ̀kan jẹ́ ojúlówó, èkejì sì jẹ́ àfidípò. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń bi dátà. Ẹ jẹ́ ká mọ ìbéèrè wọn ná, ká tó dé orí bí a ṣe ń yàn.

MÁÀKÌ ÀTI IPÒ

Ẹ rántí káàdì èsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni òbí máa ń wò lórí rẹ̀: máàkì ọmọ, àti ipò rẹ̀ nínú kíláàsì. Ní kíláàsì kan, ẹni tó ṣe ipò kìíní lè gba 98, kí ẹni tó ṣe ipò kejì gba 97. Ní kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni kìíní gba 98, ẹni kejì gba 61. Tí ẹ bá wo ipò nìkan, kíláàsì méjèèjì rí bákan náà. Tí ẹ bá wo máàkì, wọn ò jọra rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láàárín wa. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan jù ẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹni tó fi ogún ọdún jù ẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ náà ni. Ọ̀rọ̀ náà sọ ẹni tó ṣáájú, kò sọ bí ó ṣe fi ṣáájú tó.

Àyẹ̀wò parametric ń fi máàkì ṣiṣẹ́. Ó máa ń ro iye gbogbo pọ̀, ó máa pín in dọ́gba, á sì wo bí àwọn iye náà ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba yẹn po. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyí: parameter ni iye tó ń júwe gbogbo àwùjọ tí a ti mú àwọn èèyàn díẹ̀ wá wò, bí ìpíndọ́gba (mean) àti ìfọ́nká (standard deviation) wọn. Àyẹ̀wò náà gbà pé àwùjọ yẹn ní ìrísí kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìrísí agogo tí wọ́n ń pè ní normal: ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní àárín, wọ́n ń dín kù bí a ṣe ń lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Tí ìrísí bá jẹ́ agogo lóòótọ́, iye méjì péré, ìpíndọ́gba àti ìfọ́nká, tó láti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Àyẹ̀wò non-parametric kò bèèrè irú ìrísí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń to iye láti kékeré dé ńlá, á sọ iye di ipò, á sì fi ipò ṣe ìṣirò. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn kì í wo ipò pàápàá, wọ́n kàn ń ka "ó pọ̀ sí i" àti "ó dín kù" ni. Irú èyí ti wà tipẹ́. Ní 1710, dókítà kan tó ń jẹ́ John Arbuthnot wo ìwé ìrìbọmi ìlú London fún ọdún 82, ó rí i pé lọ́dọọdún ni àwọn ọmọkùnrin ń pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Ó wá bèèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé bí ẹní ta owó ẹyọ sókè ni, kí ló lè mú kí ojú kan náà jáde nígbà 82 léraléra? Kò fi agogo kankan kún ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 200 kí t-test tó dé.

Ẹ má ṣe gbọ́ "non-parametric" kẹ́ ẹ rò pé kò sí òfin níbẹ̀ o. Tí àwọn èèyàn yín bá jẹ́ ọmọ ilé kan náà tí ìdáhùn wọn ń fa ara wọn, tàbí tí ẹni kan náà bá kọ foòmù mẹ́ta, Mann-Whitney á bàjẹ́ bí t-test ṣe máa bàjẹ́. Kò sí àyẹ̀wò tó ń tún dátà tí a kó lọ́nà àìtọ́ ṣe.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: KÍ LẸ WỌ̀N?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Tó bá jẹ́ ìwúwo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, owó tàbí ìṣẹ́jú, iye gidi nìyẹn. Láti 10 sí 20 bá láti 30 sí 40 dọ́gba, ìpíndọ́gba sì ní ìtumọ̀. Ẹ lè lo èyíkéyìí nínú méjèèjì, àwọn ìgbésẹ̀ tó kù ló máa pinnu.

Tó bá jẹ́ orúkọ lásán, bí ẹ̀sìn, ìlú, tàbí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, kíkà ni tiyín. Ẹ ò lè pín ẹ̀sìn dọ́gba. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ti fi 1 dúró fún ọkùnrin, tí wọ́n fi 2 dúró fún obìnrin, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpíndọ́gba jẹ́ 1.6. Kí ni 1.6? Chi-square, àyẹ̀wò tí Karl Pearson gbé jáde ní 1900, tó ń fi iye tí a kà wé iye tí a retí, ló yẹ irú èyí. Tí iye tí a retí nínú àwọn kóló kan nínú tábìlì bá kéré, bí àpẹẹrẹ tí kò tó 5, Fisher's exact test ni kẹ́ ẹ lò.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà: "Mo gbà gidigidi, mo gbà, n kò gbà, n kò gbà rárá." Wọ́n fún un ní 4, 3, 2, 1. A mọ̀ pé "mo gbà gidigidi" ga ju "mo gbà" lọ. Ṣùgbọ́n ṣé àlàfo tó wà láàárín wọn bá ti àárín "mo gbà" àti "n kò gbà" dọ́gba? Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ipò ni èyí. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ lo àyẹ̀wò olípò. Bí ẹ bá ro ìdáhùn ìbéèrè 20 pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn wá fọ́n ká dáadáa láti 20 dé 80, èmi ò ní bá yín jà tẹ́ ẹ bá lo t-test. Àwọn olùkọ́ kan á bá yín jà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: BÁWO NI ÀWÙJỌ YÍN ṢE JẸ́?

Èyí ni mo fẹ́ ká dúró lé jù, torí àṣìṣe ibi yìí burú ju kí èèyàn ṣi parametric yàn lọ, síbẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀.

Ṣé èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú àwùjọ méjèèjì, àbí èèyàn kan náà ni ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ jẹ́ kí n fi dátà tó lókìkí jù nínú ìmọ̀ yìí ṣàlàyé. William Sealy Gosset jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin. Iṣẹ́ rẹ̀ kò fún un ní iye púpọ̀ láti fi ṣèdájọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni, ó sì nílò ọ̀nà tó ṣeé gbára lé fún irú iye díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1908 ó tẹ ọ̀nà náà jáde lábẹ́ orúkọ "Student", ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Student's t-test títí dòní. Nínú ìwé yẹn, ó lo dátà tí Cushny àti Peebles ti tẹ̀ jáde ní 1905: aláìsàn 10 ní ilé ìtọ́jú kan ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan lo oògùn oorun méjì ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì kọ wákàtí tí oorun rẹ̀ fi gùn sí i sílẹ̀.

Oògùn kìíní: 0.7, -1.6, -0.2, -1.2, -0.1, 3.4, 3.7, 0.8, 0.0, 2.0
Oògùn kejì: 1.9, 0.8, 1.1, 0.1, -0.1, 4.4, 5.5, 1.6, 4.6, 3.4

Ẹni kan náà ló ni iye tó wà lókè àti èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà a máa yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan:

1.2, 2.4, 1.3, 1.3, 0.0, 1.0, 1.8, 0.8, 4.6, 1.4

Iye kan tí wọ́n ń pè ní p ló máa ń jáde nínú àyẹ̀wò: ó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká ní oògùn méjèèjì jẹ́ bákan náà; tí kò bá tó 0.05, wọ́n sábà máa ń gbà pé ẹ̀rí wà. Tí a bá ṣe t-test oníméjì-méjì lórí ìyàtọ̀ yìí, p jẹ́ 0.0028. Tí a bá ṣe é bí ẹni pé èèyàn 20 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, p á di 0.079. Dátà kan náà, àyẹ̀wò tí orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ìyàtọ̀ wà gedegbe, èkejì ní òun ò rí i dájú. Ohun tó fà á ni pé àwọn kan jẹ́ olóorun láti ilẹ̀ wá, àwọn kan kò sì rí oorun sùn dáadáa. Tí a kò bá so ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín èèyàn sí èèyàn á bo ìyàtọ̀ oògùn mọ́lẹ̀.

Ṣáájú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀tún àti ojú òsì, ọkọ àti ìyàwó rẹ̀: oníméjì-méjì ni gbogbo wọn. Ẹ rí i dájú pé ẹ kọ nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí foòmù méjèèjì. Ẹni tó bá gbàgbé kò ní lè so wọ́n pọ̀ mọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ FOJÚ WO DÁTÀ NÁÀ

Ẹ yà á. Kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ lórí ìlà. Tí wọ́n bá pọ̀, ẹ ya histogram, àwòrán onípòó tó ń fi hàn bí iye ṣe pọ̀ tó ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa wá: ṣé ó tẹ̀ sí apá kan, ṣé iye kan wà tó yapa pátápátá sí àwọn tó kù, ṣé òkìtì méjì ló wà dípò ọ̀kan?

Ẹ ṣọ́ra ní ibi kan. Tí ó bá jẹ́ oníméjì-méjì, ìyàtọ̀ ni kẹ́ ẹ yà, kì í ṣe iye ṣáájú àti iye lẹ́yìn. Tí ó bá jẹ́ àwùjọ méjì, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá da ìwúwo ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ máa rí òkìtì méjì, á sì sá fún t-test láìnídìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa béèrè nípa Shapiro-Wilk báyìí, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń wò bóyá dátà ní ìrísí agogo. Àyẹ̀wò tó dára ni, láti 1965 ló ti wà, ṣùgbọ́n mi ò gbà kí wọ́n fi í ṣe adájọ́. Tí èèyàn yín bá jẹ́ 8, kò ní agbára láti rí àléébù, á máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá jẹ́ 2,000, á rí àléébù tín-tìn-tín tí kò lè pa t-test lára, á sì pariwo. Ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kó dákẹ́. Ojú yín àti ìmọ̀ yín nípa ohun tí ẹ wọ̀n ṣe pàtàkì jù ú lọ. Owó tó ń wọlé fún àwọn oníṣòwò máa ń tẹ̀ sí apá kan ní ibi gbogbo láyé: ọ̀pọ̀ ń pa díẹ̀, díẹ̀ ń pa púpọ̀ gan-an. Ẹ ò nílò Shapiro láti mọ ìyẹn.

Bákan náà, t-test lágbára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ìpíndọ́gba ló nílò ìrísí agogo, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan; bí èèyàn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, ìpíndọ́gba ń sún mọ́ ìrísí náà fúnra rẹ̀. "Tí wọ́n bá ti pé 30, kò séwu" ni wọ́n máa ń wí. Fún ìwúwo tàbí gíga, bẹ́ẹ̀ ni. Fún owó tàbí iye ọjọ́ tí èèyàn lò ní ilé ìwòsàn, 30 lè má tó rárá.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Ẹ YÀN

Ti parametric ló ṣáájú nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ti non-parametric ló tẹ̀lé e.

Àwùjọ méjì, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: t-test ti Welch, Mann-Whitney.
Èèyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì: t-test oníméjì-méjì, Wilcoxon signed-rank.
Àwùjọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ANOVA, Kruskal-Wallis.
Èèyàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ANOVA repeated measures, Friedman.
Bí ohun méjì ṣe ń bá ara wọn rìn: Pearson, Spearman.

Mo kọ Welch dípò t-test àtijọ́, torí t-test àtijọ́ gbà pé ìfọ́nká àwùjọ méjèèjì dọ́gba, Welch kò sì bèèrè bẹ́ẹ̀. Nínú R, ètò kọ̀ǹpútà míì fún ìṣirò dátà, Welch ni t.test máa ń ṣe tí ẹ kò bá sọ nǹkan míì. Nínú SPSS, ìlà kejì nínú tábìlì èsì ni, níbi tí wọ́n kọ "Equal variances not assumed" sí.

Orúkọ Wilcoxon máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Frank Wilcoxon, onímọ̀ kẹ́míkà, gbé àyẹ̀wò méjì jáde nínú ìwé ojú ewé mẹ́rin péré ní 1945: ọ̀kan fún èèyàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn signed-rank, ọ̀kan fún èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn rank-sum. Ní 1947, Mann àti Whitney mú ti èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbòòrò sí i. Nítorí náà rank-sum àti Mann-Whitney, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú R, wilcox.test ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, paired=TRUE ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú nínú ìlà kan? Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìjọba tó fẹ́ mọ iye owó tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa ná an, ipò kò lè dáhùn ìyẹn. Iye owó ló máa jáde nínú àpò, kì í ṣe ipò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ti ibí sábà máa ń ga ju àwọn ti ọ̀hún lọ, tàbí tí iye díẹ̀ tó yapa bá lè gbé ìpíndọ́gba lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ẹ lo ipò.

Ẹ̀rù kan wà tí mo fẹ́ yọ lára yín: pé non-parametric "kò lágbára". Tí dátà bá jẹ́ agogo pátápátá, níbi tí t-test ti ní àǹfààní jù, ohun tí t-test fi èèyàn 95 ṣe, àyẹ̀wò Wilcoxon á nílò bí 100 láti ṣe é, nígbà tí èèyàn bá pọ̀ díẹ̀. Hodges àti Lehmann fi hàn ní 1956 pé bó ti wù kí ìrísí náà burú tó, iye yẹn kò lè rẹlẹ̀ ju 86.4 nínú 100 lọ, bí ìrísí àwùjọ méjèèjì bá ṣáà jọra tí ọ̀kan kàn sún síwájú èkejì. Tí ìrù dátà bá sì wúwo, ìyẹn tí iye tó jìnnà sí àárín bá pọ̀, Wilcoxon ló máa ń borí. Owó ìbánigbófò tí a san kéré gan-an.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ FỌWỌ́ ṢE É LẸ́Ẹ̀KAN

Mo mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà. Síbẹ̀ ẹ fọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré láyé yín, gbogbo rẹ̀ á ṣí sílẹ̀.

Ẹ padà sí ìyàtọ̀ 10 ti àwọn aláìsàn Kalamazoo. T-test kọ́kọ́: ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1.58. Ìfọ́nká wọn jẹ́ 1.23. Ẹ pín ìfọ́nká pẹ̀lú gbòǹgbò (square root) 10, ẹ máa rí 0.389. Ẹ wá pín 1.58 pẹ̀lú 0.389: t jẹ́ 4.06. Kọ̀ǹpútà á sọ fún yín pé p jẹ́ 0.0028.

Ó kan Wilcoxon. Ẹ yọ 0.0 kúrò, torí ẹni yẹn kò gbè sẹ́yìn ọ̀kankan. Ó ku mẹ́sàn-án. Ẹ tò wọ́n láti kékeré: 0.8, 1.0, 1.2, 1.3, 1.3, 1.4, 1.8, 2.4, 4.6. Ipò wọn: 1, 2, 3, lẹ́yìn náà 1.3 méjèèjì. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì á jọ gba ipò kẹrin, ẹni tó tẹ̀lé wọn á gba ipò kẹfà. Nínú àyẹ̀wò, a máa pín ipò 4 àti 5 láàárín wọn: 4.5 kọ̀ọ̀kan. Ìyókù jẹ́ 6, 7, 8, 9. Gbogbo wọn ló wà lápá ìlékún, kò sí ọ̀kankan tó dín kù. Ẹ ro ipò wọn pọ̀: 45.

Ẹ wo bí p ṣe ń jáde níbí. Tí oògùn méjèèjì bá jẹ́ bákan náà, bí ẹní ta owó ẹyọ ni ìyàtọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí, ó lè bọ́ sí ìlékún tàbí ìdínkù. Owó ẹyọ mẹ́sàn-án ní ọ̀nà 512 tí wọ́n lè gbà ṣubú. Ọ̀nà kan péré ni gbogbo wọn fi máa jẹ́ ìlékún, ọ̀nà kan péré ni wọ́n fi máa jẹ́ ìdínkù. 2 nínú 512 jẹ́ 0.0039. Kò sí agogo nínú ìṣirò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Tí ẹ bá ṣe é nínú R, ẹ lè rí 0.009, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Ẹ má fòyà: òdo kan àti iye méjì tó dọ́gba ló jẹ́ kó lo ìṣirò àfojúbù dípò èyí tó péye.)

Báyìí, ẹ jẹ́ ká ba dátà náà jẹ́ díẹ̀. Ká ní ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbàgbé àmì kékeré nínú 4.6, tó di 46. Ìpíndọ́gba á fò láti 1.58 sí 5.72. Ẹ lè rò pé ìyẹn á jẹ́ kí ẹ̀rí lágbára sí i, àbí? Rárá. Ìfọ́nká á fò sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí 14.17, t á já wálẹ̀ láti 4.06 sí 1.28, p á sì kọjá 0.2. Àṣìṣe ìtẹ̀wé kan gbé gbogbo ẹ̀rí lọ. Ní ti Wilcoxon, ẹni tó wà ní ipò 9 ṣì wà ní ipò 9. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ 45. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n ṣe méjèèjì láti fi yẹ ara wọn wò: tí ìdáhùn wọn bá jìnnà síra, ẹ padà lọ wo dátà yín, nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mann-Whitney rọrùn ju báyìí lọ. Ẹ fi wé gídígbò. Ká ní ilé ìwòsàn méjì ni, a sì ka ìṣẹ́jú tí èèyàn márùn-ún dúró kí wọ́n tó rí dókítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ṣẹ̀dá àwọn iye yìí fún àpẹẹrẹ ni.

Ti àkọ́kọ́: 12, 15, 18, 20, 31
Ti èkejì: 17, 25, 28, 30, 34

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti èkejì bá ẹnì kọ̀ọ̀kan láti àkọ́kọ́ wọ̀dìmú. Ìjà 25 ni. Iye tó bá ga jù ló borí. 17 dá 12 àti 15: ìborí 2. 25 dá mẹ́rin, 28 dá mẹ́rin, 30 dá mẹ́rin, 34 dá gbogbo wọn: 5. Àpapọ̀ 19. Àkọ́kọ́ borí nínú 6 tó kù. U tí ìwé ń sọ ni 6 yẹn, èyí tó kéré nínú méjèèjì.

19 nínú 25 jẹ́ 76 nínú 100. Ìyẹn ni pé, tí ẹ bá mú ẹnì kan láti ibí àti ẹnì kan láti ọ̀hún nínú àwọn tí a wọ̀n, ní ìgbà 76 nínú 100, ti èkejì ló máa pẹ́ jù. Mo fẹ́ràn iye yìí gan-an, torí ó yé ìyá ọlọ́jà bó ṣe yé ọ̀jọ̀gbọ́n. Síbẹ̀ p rẹ̀ jẹ́ 0.22. Èèyàn márùn-ún-márùn-ún kéré jù láti fi dá ẹjọ́ yẹn.

Iye èèyàn ní ibi tó ti ń dí ọ̀nà pátápátá. Tí ẹ bá ní mẹ́ta sí mẹ́ta, p tó kéré jù tí Mann-Whitney lè fún yín ni 0.1, kódà kí gbogbo ti ibí ga ju gbogbo ti ọ̀hún lọ. Wilcoxon signed-rank pẹ̀lú èèyàn 5 kò lè rẹlẹ̀ ju 0.0625 lọ. Ó di 6 kó tó lè kọjá sí ìsàlẹ̀ 0.05. Ẹni tó bá kó èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta jọ tó sì lo Mann-Whitney ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: BÍ Ẹ ṢE MÁA KỌ Ọ́

Ẹ má kọ "Mann-Whitney fi hàn pé iye àárín wọn yàtọ̀" láìronú. Iye àárín (median) ni ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn tí a bá tò wọ́n. Mann-Whitney lè rí ìyàtọ̀ nígbà tí iye àárín méjèèjì dọ́gba, torí ẹni tó ń borí ní ìjà ló ń wò. Tí ìrísí àwùjọ méjèèjì bá jọra, tí ọ̀kan kàn sún síwájú, ìgbà yẹn lẹ lè sọ̀rọ̀ iye àárín.

Ẹ má fi p nìkan sílẹ̀. Fún t-test, ẹ kọ ìyàtọ̀ ìpíndọ́gba àti ààlà tó yí i ká (confidence interval). Fún Mann-Whitney, ẹ kọ iye àárín àwùjọ kọ̀ọ̀kan àti ìdá ìjà tí wọ́n borí.

Kruskal-Wallis àti ANOVA á sọ fún yín pé ibì kan yàtọ̀, wọn ò ní sọ ibi tó jẹ́. Tí ẹ bá wá ń fi wọ́n wé ara wọn ní méjì-méjì lẹ́yìn náà, ẹ fi Holm tàbí Bonferroni tún p wọn ṣe, torí bí ìdánwò bá ti pọ̀, àṣìṣe náà á pọ̀.

Ní pàtàkì, ẹ pinnu àyẹ̀wò yín nínú orí kẹta, níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí yín, kẹ́ ẹ tó rí èsì. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe t-test, p jẹ́ 0.06, ó ṣe Mann-Whitney, p jẹ́ 0.04, ó kọ 0.04, ó pa ti àkọ́kọ́ mọ́. Kò rò pé irọ́ lòun ń pa. Àmọ́ p 0.04 yẹn kì í ṣe 0.04 mọ́, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ta owó ẹyọ tó sì mú èyí tó wù ú. Tí ẹ bá ṣe méjèèjì, ẹ kọ méjèèjì: èyí tí ẹ pinnu tẹ́lẹ̀ ní iwájú, èkejì lẹ́yìn rẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ti Kalamazoo nìyí: "Oògùn kejì fi ìpíndọ́gba wákàtí 1.58 kún oorun ju oògùn kìíní lọ nínú aláìsàn 10 (t-test oníméjì-méjì, t = 4.06, df = 9, p = 0.003). Nínú àwọn mẹ́sàn-án tí ìyàtọ̀ wà fún, gbogbo wọn ló sùn pẹ́ jù pẹ̀lú oògùn kejì; àyẹ̀wò Wilcoxon signed-rank fún wa ní ìdáhùn kan náà (V = 45, p = 0.004)." Níbí, df ni iye èèyàn tí a yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, V sì ni àpapọ̀ ipò tí a rò lókè.

Dátà náà wà nínú R tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni sleep. Ẹ tẹ ìlà mẹ́rin yìí, kẹ́ ẹ fi wé ohun tí ẹ fọwọ́ ṣe:

a <- sleep$extra[sleep$group == 1]
b <- sleep$extra[sleep$group == 2]
t.test(b, a, paired = TRUE)
wilcox.test(b, a, paired = TRUE)